Oṣù Mẹ́fà Tó Kù

"Ẹ tún un gbìyànjú wò, Ẹnjiníà. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mashood fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì jẹnẹrétọ̀ náà. Ẹ̀rọ náà dún "gì!" bí ìgbà tí ènìyàn bá forí gbá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn, ó sì dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. "Gì!" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Rúùtù, tí gbogbo ọ̀nà Rándà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ sí Ìyá Praise, ló ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú padà, ó wọ yàrá ẹyin lọ. Mashood ń gbọ́ bó ṣe ń fa kúbùsù lé orí àpótí ńlá tó ń bá ẹyin sàba. Àpótí yẹn ni ìyá fún ẹgbẹ̀rún méjì ẹyin tó wà nínú rẹ̀, iná ló sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí àwọn èèyàn ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti jáde, tiransfọ́mà àdúgbò bú gbàù, iná ìjọba sì lọ. Àwọn tó wá wò ó ní ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún àwọn ẹyin náà nìyẹn. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n pa.

"Ó ti wálẹ̀ sí mẹ́rìndínlógójì o!" Ìyá Praise ké láti inú yàrá. Ojú ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ló ń wò, níbi tó yẹ kó wà ní mẹ́tàdínlógójì. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó wálẹ̀ ju báyìí lọ."

"Àmín," ni Mashood dáhùn. Ó tẹjú mọ́ jẹnẹrétọ̀ náà bí ẹni tó ń wo ọmọ alágídí.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Olúwaṣògo, àbúrò Ìyá Praise tó ń ṣiṣẹ́ ní Wàrì, ló fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n tú palẹ̀ ló ti rí i. Ẹ̀rọ kúkúrú tó sanra ni, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, iyọ̀ òkun sì ti jẹ ẹ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀. Kò ní fáànù, kò ní rédíétọ̀. Omi tútù ni wọ́n máa ń fún un mu láti ìta, omi náà á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì bá èéfín jáde. Mashood kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi yé e, tàbí tó rò pé ó yé e. Ó fa rọ́bà láti ara tánkì omi dúdú tó wà lẹ́yìn ilé wá sí ẹnu páńpù rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ sì dáhùn lójú ẹsẹ̀.

"Bó bá ṣe wàhálà, ọwọ́ mi ni kí ẹ ti béèrè," ló sọ fún Ìyá Praise lọ́jọ́ náà, ó sì gbá àyà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá ń gbá a láyà báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀lẹ láàárọ̀. Ó di kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tó bá sì ti ṣí, kò sí ohun tó ń ṣe é mọ́ títí di alẹ́. Lónìí, kò dáhùn rárá. Láti aago mẹ́jọ ni Mashood ti ń bá a jà. Ó ti pààrọ̀ fílítà. Ó ti tú ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì, ó sì ti lé gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ti yọ bátìrì kan, ó ti fi òmíràn sí i, ó sì ti so méjèèjì pọ̀. Sítátà fúnra rẹ̀ ti gbóná tí ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e mọ́.

Ìyá Praise jáde, ẹyin kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fi aṣọ òwú wé.

"Ẹ gbé etí yín wá."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo ní kí ẹ gbé etí yín wá."

Mashood bẹ̀rẹ̀, ó fi etí sí i. Lákọ̀ọ́kọ́ kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan láti inú èèpo: *sín, sín*. Ọmọ inú ẹyin ń sọ̀rọ̀.

"Subhanallahi," ló sọ, ó sì rọra fi ẹ̀yìn rìn.

"Wọ́n ti ń pe ìyá wọn," ni Ìyá Praise wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Lọ́dún tó kọjá, ihò ni mo gbẹ́ sẹ́yìn ilé tí mo da gbogbo wọn sí, ẹ ṣáà rántí. Bí tọdún yìí bá tún lọ báyẹn, Ẹnjiníà, màá tilẹ̀kùn ibí yìí. N ò ní lè tún ihò gbẹ́." Ó wé aṣọ mọ́ ẹyin náà dáadáa. "Ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé? Ẹ ò lè béèrè lọ́wọ́ wọn?"

Mashood tẹrí ba sórí bátìrì bí ẹni tó ń wá nǹkan. "Wọ́n jìnnà, Mọ́mì."

Wọn kò jìnnà. Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan péré. Ohun tó jìnnà ni ogún ọdún.

Ní ṣọ́ọ̀bù Mashood ní Takie, kàlẹ́ńdà mọ́sáláṣí ló wà lára ògiri níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yòókù máa ń gbé ìwé òmìnira wọn kọ́. Àwọn oníbàárà kì í sábà béèrè. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́ ló máa ń wo ògiri náà, Mashood á sì sọ fún wọn pé òun kì í gba ọmọṣẹ́. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Raliat ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Báwo ni ẹni tí wọn kò tú sílẹ̀ yóò ṣe tú ẹlòmíràn sílẹ̀?

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fọwọ́ sí fún un lọ́dọ̀ Ọ̀gá Josiah ní Owódé, ní Ọ̀yọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí ọ̀gá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mashood kó irinṣẹ́ ọ̀gá, ó lọ tún jẹnẹrétọ̀ oníbàárà ọ̀gá ṣe nílé onítọ̀hún, lẹ́yìn ọ̀gá. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ nígbà tó gbójú sókè tó rí ọkùnrin náà lẹ́nu géètì, tòun ti Bíbélì lábíyá. Ọ̀gá Josiah kò pariwo. "Mashood," ló wí, "tí o bá ṣetán, bá mi gbé àpótí irinṣẹ́ mi wálé." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bó bá ṣe pé ó nà án ni, ì bá sàn. Ìtìjú kò jẹ́ kí Mashood lè wo ojú rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí náà sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, kò kan ilẹ̀kùn, ó wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Kò padà mọ́.

Ó pe Raliat lórí fóònù pé kó fi bátìrì ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́.

"Bátìrì kẹta?" ni Raliat wí. "Bàbá Mubaraq, ṣé ẹ fẹ́ fi bátìrì kọ́lé fún Ìyá Praise ni?"

"Raliat, kì í ṣe àkókò àwàdà."

"N ò ṣàwàdà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni. Ta lẹ sọ fún mi pé ó lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá?"

Mashood gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ mi," ni Raliat wí.

"Nọ́ńbà ta ni?"

"Ẹ ti mọ ẹni tí mò ń wí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí àǹtí mi ní Ìṣokùn ní Ọ̀yọ́ ni mo máa ń yà kí wọn. Ọdún kẹfà nìyí. Bí a bá pa ẹran Iléyá, mo máa ń fi tiwọn ránṣẹ́. Wọ́n máa ń béèrè yín, mo sì máa ń sọ pé àlàáfíà lẹ wà."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ máa ń jẹ́ ká sọ ọ́ ni? Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá délé. Ní báyìí, ẹ gba nọ́ńbà."

Mashood rìn dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé kó tó pè. Fóònù dún títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e.

"Ẹ kú ilé," ni ohùn arúgbó kan wí. "Ta nìyẹn?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mashood ni."

"Mashood wo?"

"Mashood... tó fi yín sílẹ̀, Bàbá."

Adìyẹ kan ń ké lọ́hùn-ún, ní Ọ̀yọ́.

"N ò mọ Mashood tó fi mí sílẹ̀," ni arúgbó náà wí. "Mashood tó ku oṣù mẹ́fà ni mo mọ̀. Ṣé òun ni?"

"Òun ni, sà."

"Àjàní. Kí ló dé tí ohùn rẹ ń gbọ̀n? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ogún ọdún rèé tí ẹnikẹ́ni ti fi oríkì pè é gbẹ̀yìn. Ó ro gbogbo ẹjọ́ náà, ó sọ ti ẹ̀rọ, ó sọ ti ẹyin, ó sọ ti bátìrì àti fílítà. Ọ̀gá Josiah kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

"Omi tó ń mu, níbo lo gbé e sí?"

"Inú tánkì ni, Bàbá."

"Mo ní níbo ni tánkì wà."

Mashood gbójú sókè wo tánkì dúdú náà lórí ìdúró bíríkì rẹ̀, bó ṣe wà nílé gbogbo ènìyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. "Lókè, sà."

"Nínú ọkọ̀ ojú omi, Àjàní, ṣé òkè ni omi máa ń wà?"

Mashood fi ojú tọ rọ́bà náà láti ara tánkì dé ara ẹ̀rọ.

"Ti omi yẹn pa. Má fọwọ́ kan sítátà mọ́. Ìdérí kékeré kan wà nísàlẹ̀ sàlẹ́ńsà rẹ̀, ibi tí èéfín ń gbà jáde. Tú u, kí o gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Mò ń bọ̀."

"Bàbá, ẹ má ṣe wàhálà, ẹ kàn máa sọ fún mi lórí fóònù..."

Ṣùgbọ́n arúgbó ti pa fóònù.

Mashood sáré lọ ti omi. Ó wọ abẹ́ ẹ̀rọ, ó wá ìdérí náà, ó fi sípánà tú u. Omi dúdú já jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kún. Ó gbé òmíràn sí i, ìyẹn kún dé ìdajì.

"Yéè!" ni Ìyá Praise tó dúró tì í wí. "Gbogbo èyí wà nínú rẹ̀?"

"Èmi ni mo rọ ọ́ sí i, Mọ́mì," ni Mashood dáhùn láti ilẹ̀. Kò mọ bí òun ì bá ṣe sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. "Láàárọ̀ yìí nìkan, gbogbo ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́, omi ni mo ń fún un mu. Àṣìṣe mi ni. Kì í ṣe ẹ̀rọ."

Ìyá Praise wò ó títí. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́," ló wí, ó sì padà lọ fi èédú kún ìkòkò iná mẹ́rin tó gbé yí àpótí ẹyin ká. Ooru ti wálẹ̀ sí márùndínlógójì.

Aago kan ti lù dáadáa nígbà tí ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu géètì. Ọkùnrin arúgbó kan rọra sọ̀kalẹ̀, ó wọ fìlà abetíajá àti awò ojú tó nípọn. Àpótí irin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti gbé lé itan láti Takie, níbi tí Raliat ti júwe ọ̀nà fún un. Mashood mọ àpótí náà kó tó mọ ojú ẹni tó ni ín. Lẹ́tà J tí wọ́n fi iná jó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò tíì parẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Dìde, dìde, ilẹ̀ kọ́ ló ń ṣàìsàn," ni Ọ̀gá Josiah wí. Ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ díẹ̀, níbi tí irun ti ń funfun. "Ìwọ náà ti dàgbà. Gba àpótí. Ìyá ọmọ, ẹ kú ìnira o. Ọlọ́run yóò kó wọn yọ."

"Àmín, Bàbá. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà jíjìn."

Arúgbó náà fi ojú yí ilé náà ká, ó rí tánkì, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo ọmọ yìí! Ó gbé òkun gorí òpó!"

Ìyá Praise náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ara Mashood balẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀gá Josiah jókòó sórí àpótí onígi kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. "Ọwọ́ rẹ la ó lò," ló wí. "Gbọ́ dáadáa. Nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ wà lókè, omi wà nísàlẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, á fa omi mu. Tó bá dúró, omi á dúró. Tìrẹ, ẹ̀rọ dúró, omi ò dúró. Gbogbo òru ló ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ wọ sàlẹ́ńsà, títí ó fi gba ibẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ yìí ò ṣàìsàn, Àjàní. Ó yó ni. Fa ọ̀pá ọ́ọ̀lì rẹ̀ yọ kí n wò ó."

Mashood fà á yọ. Ọ́ọ̀lì tó yẹ kó dúdú ti funfun bí ògì.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti dé ibẹ̀ náà. Da gbogbo ọ́ọ̀lì nù. Tú nọ́zù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Wọ́n ṣiṣẹ́. Mashood tú nọ́zù tó ń tu dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, ó fi sípánà ńlá yí ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Omi ta jáde láti ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ta sí i lójú, ó ta sí i láṣọ. Ó ń yí i títí tó fi di pé atẹ́gùn gbígbẹ ló ń jáde. Ó fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì, ó da ọ́ọ̀lì tuntun sí i, ó sì dá nọ́zù padà. Kò sí ìgbà kan tí arúgbó náà na ọwọ́ sí i. Nígbà mìíràn á ní, "Rọra, má fún un pa," nígbà mìíràn á kàn kùn bí ẹni tó gbádùn ohun tó ń rí. Wọ́n gbé àgbá kan tó kún fún omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì ki rọ́bà bọ̀ ọ́.

"Ṣé á lè fà á láti ilẹ̀?" ni Mashood béèrè.

"Ohun tó ti ń fà á látinú òkun? Ìwọ ń bú u."

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n o!" Ìyá Praise ké láti inú yàrá, ó sì jáde wá, ó dúró, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà.

Ọ̀gá Josiah dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n kan orí ẹ̀rọ náà. Mashood mọ ohun tó ń bọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọṣẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó bá ṣorí kunkun tí ọ̀gá rẹ̀ kì í kí.

"Afunfun-lára-má-funfun-nínú, ọmọ irin,
afèéfín-kíni kó tó fohùn kíni,
ẹlẹ́nu kan tí í ta gbogbo àdúgbò jí!
O ti rìn lórí omi, wá rìn lórí ilẹ̀.
Àwọn ọmọ ń bẹ nínú ẹyin tí ń pè ọ́. Dá wọn lóhùn."

Ó yíjú sí Mashood. "Tẹ bọ́tìnnì kékeré kó gbóná. Ṣé o ṣì rántí bí a ṣe ń kà á?"

Mashood rántí. Ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ gbóná nínú kí ènìyàn tó ṣí i, ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Josiah kò sì ní aago. Àdúrà Olúwa ni wọ́n fi ń wọn àkókò rẹ̀. Tí o bá ti dé "Àmín," kí o ṣí i. Lọ́jọ́ kìíní tó débẹ̀, ó sọ fún ọ̀gá pé Mùsùlùmí lòun. Ọ̀gá ní, "Ka Fátíhà tìrẹ. Mo ti wọ̀n ọ́n, bákan náà ni wọ́n gùn."

Ó tẹ bọ́tìnnì kékeré náà mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ Fátíhà lábẹ́ ètè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn Ìyá Praise àti ti ọ̀gá rẹ̀ tó ń lọ pọ̀, "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run." Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé "Àmín" lẹ́ẹ̀kan náà. Mashood ṣí i.

Ẹ̀rọ náà yí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó tu èéfín funfun, ó wúkọ́, ó fẹ́ kú. Lẹ́yìn náà ló gbá, ó gbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Omi àgbá gòkè nínú rọ́bà fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde pẹ̀lú èéfín lẹ́yìn ilé. Gílóòbù tó wà lẹ́nu yàrá ẹyin tàn.

Ìyá Praise kò kígbe. Ó wọlé lọ sídìí àpótí ẹyin, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń wo ojú ẹ̀rọ ooru. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí ló pè jáde pé, "Mẹ́rìndínlógójì. Ó ń gòkè." Ó gbé etí lé àpótí náà. "Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn."

"Ògo ni fún Ọlọ́run," ni Ọ̀gá Josiah wí.

Ìyá Praise gbé iṣu gbígbóná àti ọbẹ̀ wá fún wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Arúgbó ṣí ìdérí àwo yẹ̀ wò. "Mo fẹ́ rí i pé kì í ṣe ẹyin lẹ sè ni. N ò lè jẹ ẹ́ lójú ìyá wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jẹun tán, tó sì fọ ọwọ́, ó wo Mashood.

"Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé o ò gba ọmọṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo sì mọ ìdí rẹ̀." Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Wá kúnlẹ̀ síbí. Jẹ́ kí n gbàdúrà òmìnira lé ọ lórí kí ọ̀rọ̀ yìí tán. Ìyá Praise á ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ti pẹ́ jù."

Mashood kúnlẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń lálàá ọwọ́ yẹn lórí òun. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà ṣe ń bọ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára àpótí irinṣẹ́, sára lẹ́tà J, ó sì rántí ìdájí tó gbé e sẹ́nu ọ̀nà tí kò kan ilẹ̀kùn. Ó rántí tánkì òkè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ arúgbó náà kó tó kan orí rẹ̀, ó dì í mú.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, oṣù mẹ́fà ló kù. Ẹ jẹ́ kí n wá parí rẹ̀."